Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ìlù Ọkàn

 Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun kékeré kan tó wà lábẹ́ awọ àyà ọ̀pọ̀ èèyàn ní Houston yìí. Bí wọ́n bá wọ bùbá tàbí agbádá, ẹ ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bọ́ ẹ̀wù, ẹ ó rí i pé awọ wọn wú díẹ̀ lápá òsì, nísàlẹ̀ èjìká, bí ẹni pé wọ́n fi aago pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù tọ̀sán-tòru, kó sì tún ìlù náà ṣe nígbà tó bá ṣìnà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọ̀nà méjì ló gbà kàn wá. Èkíní, ọjọ́ kan lè dé tí dókítà yóò sọ pé bàbá yín, ìyá yín tàbí ẹ̀yin gan-an nílò rẹ̀, ìbẹ̀rù àwọn ará ilé sì lè mú kí wọ́n kọ̀ ọ́. Èkejì, ẹni tó ní ẹ̀rọ yìí kò lọ gbé inú igbó. Àárín wa ló wà. Ó ń bá wa jó, ó ń bá wa jẹun, ó ń kí àgbà. Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ ká ṣe sí i, ọ̀pọ̀ nǹkan sì wà tí à ń bẹ̀rù lásán.

Gbólóhùn kan ni ká fi sọ́kàn títí ẹ̀kọ́ yìí yóò fi parí: ẹ̀rọ yìí, ọlọ́dẹ ni, kì í ṣe oníṣègùn. Ọlọ́dẹ ń lé olè, kì í tún ògiri tó wó mọ. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó ni àyà àti lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀.

BÍ ỌKÀN ṢE Ń LÙ

Ẹ wo àwọn onílù dùndún. Ìyáàlù ló ń ṣáájú, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, gúdúgúdú ń lọ láìsinmi. Bí gbogbo wọn bá gbọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ oníjó á bá ìlù mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn. Lókè ọkàn, lápá ọ̀tún, ibi kékeré kan wà tó ń dá iná mànàmáná ṣe fúnra rẹ̀. Iná yìí kéré gan-an, kò lè tan gílóòbù. Ibẹ̀ ni ìyáàlù wa. Bó bá ti ta, iná náà á gba yàrá méjì tó wà lókè ọkàn kọjá, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀. Bó ṣe ń dé ibì kọ̀ọ̀kan ni ẹran ibẹ̀ ń fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lọ sí ọpọlọ, sí kíndìnrín, sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 60 sí 100 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kan dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tó nǹkan bí ìgbà 100,000. Ìlù yìí lè bàjẹ́ lọ́nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní: ó lè falẹ̀ jù. Ìyáàlù ti rẹ̀, tàbí kẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ti já. Òòyì á máa kọ́ ẹni náà, gbogbo ara á máa rẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀ lè dákú.

Ọ̀nà kejì: ó lè yá jù. Ibì kan nísàlẹ̀ ọkàn, pàápàá ibi tí àpá wà, á gba ìlù lọ́wọ́ ìyáàlù, á máa lù ú kíkankíkan ní ìgbà 180 tàbí 200 láàrin ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló máa ń ya. Yàrá ọkàn kò ní ráyè kún fún ẹ̀jẹ̀ kó tó tún fún un jáde.

Ọ̀nà kẹta ló burú jù. Ìlù á dàrú pátápátá, onílù kọ̀ọ̀kan á máa lu tirẹ̀. Ọkàn á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù ń pa, kò sì ní lè ti ẹ̀jẹ̀ kankan jáde. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹni náà á ṣubú, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Bó bá fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan, ọpọlọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní heart attack. Nínú ìyẹn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà bọ́ ọkàn ló dí. Àyà lè máa dun ẹni náà, kó sì máa sọ̀rọ̀. Nínú èyí tí à ń sọ, iná ọkàn ló dàrú. Àmọ́ ọ̀kan lè bí èkejì, torí àpá tí heart attack bá fi sílẹ̀ lè di ibi tí ìlù burúkú yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nílé, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: "Kò ṣàìsàn, ó kàn ṣubú lulẹ̀ ni, ó kú." Lójú ẹsẹ̀ ni ìbéèrè á yí sí ta ló ṣe é. A ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí tibẹ̀ yẹn bò mọ́lẹ̀: ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdílé yìí? Díẹ̀ nínú àwọn àrùn tó ń da ìlù ọkàn rú máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Bí bàbá bá ṣubú kú lẹ́ni ogójì ọdún, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dákú lórí pápá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọmọ náà kò jẹun. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fi wáyà wo bí iná ọkàn rẹ̀ ṣe ń lọ. Àyẹ̀wò yẹn kì í dunni, kì í sì í pẹ́ rárá.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE Ẹ̀RỌ NÁÀ

Ìlù tó falẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ìlú Stockholm ní orílẹ̀-èdè Sweden, dókítà Åke Senning fi ẹ̀rọ kan tí ẹnjiníà Rune Elmqvist ṣe sínú ara Arne Larsson. Péèsìmékà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò tó ọjọ́ kan tó fi bàjẹ́. Wọn ò jáwọ́, wọ́n tún fi òmíràn sí i. Larsson lo ju ogún péèsìmékà lọ kó tó kú ní ọdún 2001, lẹ́ni ọdún 86. Àìsàn mìíràn ló sì pa á, kì í ṣe ọkàn.

Ìlù tó yá jù àti èyí tó dàrú ló gba àkókò jù. Michel Mirowski ló ṣe wàhálà rẹ̀. Ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Warsaw, ní Poland. Ogun Hitler sì gba ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di dókítà ní Ísírẹ́lì, ọ̀gá rẹ̀, Harry Heller, ń ní ìlù ọkàn tó ń yá jù. Ní ọdún 1966 ó pa ọ̀gá náà. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí wà, àmọ́ ńlá ni, inú ọsibítù ló ń gbé. Èèyàn ò lè máa gbé ọsibítù títí ayé. Mirowski wá bi ara rẹ̀ pé: ṣé a ò lè ṣe é kékeré, kó máa bá ẹni náà rìn?

Àwọn ọ̀mọ̀ràn kan ní kò ṣeé ṣe. Ó lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, òun àti dókítà Morton Mower sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1969 ní ọsibítù Sinai. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1980 ni wọ́n fi àkọ́kọ́ sínú ara èèyàn, ní Johns Hopkins nínú ìlú kan náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko! Ní 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. ICD ni àwọn dókítà ń pè é. Ti ìgbà yẹn tóbi, inú ikùn ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n sì ní láti la àyà. Tòní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Houston náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn ọkàn. Ọdún 1945 ni wọ́n dá Texas Medical Center sílẹ̀ níbí. Ní 1962, dókítà Denton Cooley dá Texas Heart Institute sílẹ̀ níbẹ̀. Cooley yìí ló kọ́kọ́ fi ọkàn àtọwọ́dá sínú ara èèyàn, ní oṣù kẹrin ọdún 1969. Ní Angleton, ìlú kan ní gúúsù Houston, ilé-iṣẹ́ Intermedics ń ṣe péèsìmékà ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Ìwádìí ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Rice University àti ti Texas Heart Institute fi hàn pé àwọn lè fi òwú kan tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe rán ibi tí àpá ti gé ọ̀nà iná nínú ọkàn àgùntàn, kí iná lè tún kọjá. Ara ẹranko ni wọ́n ti dán ìyẹn wò, àmọ́ ẹ rí ibi tí wọ́n ń lọ: wọ́n fẹ́ tún ògiri náà mọ, kí olè má tilẹ̀ ríbi wọlé.

OHUN TÍ ICD Ń ṢE NÍNÚ ÀYÀ

Kí ló wà nínú àpótí kékeré náà? Bátìrì kan àti kọ̀ǹpútà kékeré kan. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì ti ibẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Kò sídìí láti la àyà. Dókítà á la awọ díẹ̀ nísàlẹ̀ èjìká, ó sì máa ń parí láàrin wákàtí bíi mélòó kan. Irú kan tún wà tí wáyà rẹ̀ kò wọ inú ọkàn rárá, abẹ́ awọ ló ń gbà. Ọdún 2012 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀rọ náà ń ka ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá falẹ̀ jù, á ta á díẹ̀díẹ̀ bíi péèsìmékà. Bí ó bá yá jù, á kọ́kọ́ lu ìlù tirẹ̀ tó yá ju ìyẹn lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó lè gba ìlù padà; ẹlòmíràn ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ìyẹn kò bá gbà, tàbí tí ìlù ti dàrú pátá, á kó agbára jọ, á sì ta ọkàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàà! Gbogbo onílù á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyáàlù á sì ráyè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ padà. Àwọn tó ti ṣẹlẹ̀ sí sọ pé ó dà bí ìgbà tí ẹṣin ta wọ́n nípàá láyà. Ó dunni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́, òun ló sì ń gba ẹ̀mí là.

Àwọn wo ló ń gbà á? Ẹni tí ìlù ọkàn rẹ̀ ti dàrú rí tí Ọlọ́run kó o yọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rọ gan-an, bóyá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú tàbí heart attack. Àti ẹni tó jogún àrùn ìlù ọkàn. Ẹ gbọ́ èyí o: ìwádìí ní Amẹ́ríkà ti fi hàn léraléra pé àwa aláwọ̀ dúdú tó yẹ kó gbà á kì í sábà gbà á tó àwọn aláwọ̀ funfun. Nígbà mìíràn, wọn ò fi lọ̀ wá. Nígbà mìíràn, wọ́n fi lọ̀ wá, àwa la sá. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún èèyàn yín pé ọkàn rẹ̀ ti rọ, ẹ bi í léèrè tààrà: "Dókítà, ṣé irú èyí nílò ICD? Bí kò bá nílò rẹ̀, kí nìdí?" Kò sí àrífín nínú ìbéèrè.

BÍ A Ó ṢE BÁ ẸNI TÓ NÍ Ẹ̀RỌ GBÉ

Ẹ̀rọ yìí kì í ranni. Bí ó bá ta ẹni náà nígbà tí ẹ dì í mú, ẹ lè gbọ́ ọ bí ìta kékeré lára, kò ní pa yín lára. Ẹ bá a jó, ẹ dì mọ́ ọn.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé apá òsì kọjá èjìká, kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo, kí wáyà tó rọ̀ mọ́ ọkàn dáadáa. Torí náà, kí ó má gún iyán. Kí ó má dọ̀bálẹ̀ gbalaja, torí ọwọ́ lèèyàn fi ń ti ilẹ̀ dìde. Ẹ̀yin àgbà, bí ó bá tẹrí ba kí yín, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Kò gbéraga.

Mágínẹ́ẹ̀tì lè mú kí ICD gbàgbé láti ta nígbà tó yẹ. Kí ó má fi fóònù sínú àpò àyà; kí ó fi jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 15. Níbi ayẹyẹ, kí ó má fi àyà ti spíkà ńlá. Ìlù, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń ṣe é ní Houston, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní pápákọ̀ òfurufú, kí ó fi káàdì ẹ̀rọ náà hàn, kí ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìdúró pẹ́.

Ẹ̀yin awo, tiyín rèé. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sórí ibi tí ẹ̀rọ wà tàbí nítòsí rẹ̀. Bí kòkòrò àrùn bá gba ojú gbẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀, oògùn nìkan kì í sábà wò ó. Wọ́n ní láti yọ ẹ̀rọ àti wáyà jáde pátá, iṣẹ́ abẹ ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara tóbi, ẹ wá ibòmíràn. Kí ẹ má sì fún ẹni tó ń lo oògùn ọkàn ní àgbo láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ewé àti egbò kan lè ta ko oògùn náà.

Nígbà tí ìjì Beryl dé ní oṣù keje ọdún 2024, iná lọ nílé ju mílíọ̀nù méjì lọ ní agbègbè Houston. Ẹ má fòyà: ICD kò gbára lé iná ilé, bátìrì tirẹ̀ ló ń lò. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọsibítù, lè ṣíwọ́ o. Kí ẹ tún un tan bí iná bá ti dé. Bátìrì inú àyà náà á tán lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá lọ fún àyẹ̀wò dà bí ẹni tó gba ọlọ́dẹ tí kò sanwó oṣù fún un.

BÍ ẸNIKẸ́NI BÁ ṢUBÚ

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ kọ́ èyí sórí. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí dáadáa: ẹ pe 911. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn láàrin àyà rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kíákíá, ní ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan. Kí ẹnì kan sáré lọ mú AED, àpótí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ní ilé-ẹ̀kọ́ àti pápákọ̀ òfurufú. Bí ẹ bá ti ṣí i, fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Bí ẹni náà bá ní ẹ̀rọ lábẹ́ awọ, ẹ má lẹ rọ́bà AED mọ́ orí ẹ̀rọ náà gan-an. Ẹ má da omi sí i lára, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu.

Ẹni tí ICD bá ta lẹ́ẹ̀kan, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀, kó pe ọsibítù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá ta á lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, 911 ni.

ỌJỌ́ TÍ ÌLÙ BÁ DÁKẸ́

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí kò ní lè kú nígbà tí ọjọ́ bá pé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Àmọ́ ẹ̀rọ náà lè máa ta ẹni tó ti ń lọ, kí ó sì máa jẹ̀rora lásán. Nítorí èyí, ẹbí lè sọ fún dókítà kó pa apá tó ń ta náà. Kò sí abẹ nínú rẹ̀, pípa rẹ̀ kì í sì í ṣe ìpànìyàn. Kí wọ́n ti sọ ọ́ nígbà tí aláìsàn ṣì lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́.

Ohun kan tún kù. Ní University of Michigan, wọ́n ń gba péèsìmékà lọ́wọ́ ẹbí àwọn tó ti kú, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì ń dán an wò. Ní 2024 wọ́n sọ àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn aláìsàn ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà wà lára wọn: èyí tí wọ́n tún lò kò burú ju tuntun lọ. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe wà nílé tí ìlù ọkàn wọn ń falẹ̀, tí owó péèsìmékà sì ju agbára wọn lọ. Ohun tí à ń sin sínú ilẹ̀ ní Houston lè máa lu ìlù fún ìyá ẹnì kan ní Ìbàdàn. Kí ẹbí jókòó sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni ìlù ọkàn lè gbà bàjẹ́? Èwo ló ń mú kí èèyàn ṣubú láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀?
2. Kí nìdí tí a fi pe ICD ní ọlọ́dẹ, tí a kò pè é ní oníṣègùn?
3. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a sín gbẹ́rẹ́ sí ibi tí ẹ̀rọ wà?
4. Lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ: ta ló ti ṣubú kú lójijì nínú ìdílé wa, ọmọ ọdún mélòó sì ni nígbà náà? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí òbí rẹ mú un lọ fún dókítà.